Kẹ́ ẹ tó yọ pámpásì lára ọmọ yẹn

Látìgbà tí pámpásì ti gbówó lórí báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyá àdúgbò wa àtàwọn tá a jọ wà nínú gúrúùpù WhatsApp ń bi mí ṣáá, pé báwo ni mo ṣe ṣe é táwọn ọmọ mi fi kúrò nínú pámpásì, ṣé ẹgba ni àbí súìtì, ṣé káwọn dúró títí ọmọ á fi pé ọdún 3 ni àbí káwọn bẹ̀rẹ̀ ní kékeré bíi tàwọn ìyá wa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ owó o. Náírà já wálẹ̀ ní June 2023, nígbà tó di December ọdún yẹn P&G tó ń ṣe Pampers ní àwọn ò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé ńṣe làwọn á máa kó o wọlé, nígbà tó tún di 2024 Kimberly-Clark tó ń ṣe Huggies ti ilé iṣẹ́ wọn tó wà n'Íkòròdú pa, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ yẹn ò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n ṣí i. Ìyá tó bá ń ra pámpásì fún ọmọ méjì pọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀wọ́n yìí ti ń jẹ́ káwọn èèyàn máa fi ìkánjú àti ìbínú yọ pámpásì lára ọmọ, ọmọ ló sì ń jẹ̀yà ẹ̀.

Èmi ò mọ ọgbọ́n àrà kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ ojú niṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń wo ọmọ, tó mọ bó ṣe ń ṣe nígbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, tó mọ ìgbà tó máa ń yàgbẹ́ àti ibi tó máa ń sá pamọ́ sí, ó ti ṣe iṣẹ́ náà dé ìdajì kó tó gbé póò dé iwájú ẹ̀. Pámpásì dáa, mo lò ó fún gbogbo ọmọ mi, àmọ́ òun ló mú ojú wa kúrò lára ọmọ. Ọmọ á tọ̀, kò ní mọ̀ pé òun tọ̀ torí pámpásì ti fà á mu, ìyá náà ò ní mọ̀ àfìgbà tí pámpásì bá wúwo tó ń fì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyá ọkọ mi ṣe ń ṣe é, torí mo jókòó tì wọ́n mo wò ó dáadáa nígbà tí wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ n'Íbàdàn. Tọ́mọ bá ti jí báyìí, wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n á wá gbé ọmọ lé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ìdí ọmọ á bọ́ sí àlàfo àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn ẹ̀ á fara ti ojúgun wọn, ọwọ́ wọn á sì wà lábẹ́ abíyá ẹ̀ kó má bàa ṣubú. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ṣe ṣíììì, ṣíììì, jẹ́jẹ́, wọn ò ní wo ibòmíì, ojú ọmọ ni wọ́n á máa wò. Tó bá ṣe díẹ̀ ẹ máa rí i tọ́mọ á dákẹ́ lójijì, á wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń rántí nǹkan, ara ẹ̀ á gbọ̀n rìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìtọ̀ á dé. Tí kò bá dé, wọn ò ní bínú, wọ́n á kàn ní "kò sí níbẹ̀," wọ́n á gbé e dìde. Wọ́n tún mọ̀ pé tọ́mọ bá ń mu ọmú tó wá ń já a sílẹ̀, tó ń ta ẹsẹ̀, tó ń fún ara, ìgbẹ́ ló fẹ́ yà, wọ́n á ní "gbé e wá, gbé e wá," ẹ ò ní tíì tú aṣọ ẹ̀ tán tó ti ń bọ̀.

Ẹ má sì rò pé Yorùbá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ní 1977, àwọn olùwádìí méjì tó ń jẹ́ deVries gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Pediatrics, ìwé àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn ẹ̀yà Digo tó wà létí òkun ní Kenya. Wọ́n ní ọmọ á ṣì wà ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta tí ìyá á ti bẹ̀rẹ̀, ìyá á jókòó nílẹ̀, á na ẹsẹ̀, á gbé ọmọ sáàárín, á máa fẹnu ṣe irú ìró tí ìyá ọkọ mi ń ṣe yẹn gẹ́lẹ́, nígbà tọ́mọ bá fi máa tó oṣù 5 sí 6 kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ̀ sára mọ́, lọ́sàn-án lóru. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, inú wọn dùn gan-an, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá tiwọn ṣe ṣe é fún àwọn àti àbúrò wọn.

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ibòmíì lọ̀rọ̀ gbà. T. Berry Brazelton, dókítà ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1962 lórí ọmọ 1,170 tó ti tọ́jú láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ní ká má fipá mú ọmọ, ká dúró kí ara ẹ̀ àti ọpọlọ ẹ̀ gbà á, ká wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí oṣù 18, kó jẹ́ pé ọmọ fúnra ẹ̀ lá máa tẹ̀ síwájú. Àwọn ọmọ tó tọ́jú yẹn, tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, wọ́n lé díẹ̀ ní oṣù 28 kí wọ́n tó mọ́ lọ́sàn-án. Ẹ rántí pé ọdún 1961 ni Pampers ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́jà níbẹ̀, nítorí náà aṣọ lọ̀pọ̀ wọn ṣì ń fọ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Títí dòní, ọ̀nà tó là yẹn náà làwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ṣì ń sọ fáwọn ìyá.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni Nathan Azrin àti Richard Foxx tún gbé tiwọn dé ní 1973, wọ́n ní ọjọ́ kan ò ní pé tán tọ́mọ á fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fún ọmọ ní nǹkan mímu dáadáa kí ìtọ̀ lè máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, wọ́n á lo bèbí ìṣeré tó ń tọ̀ láti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tó bá ṣe é wọ́n á yìn ín wọ́n á fún un ní ìpápánu, tó bá wá tọ̀ sára wọ́n á bá a wí, wọ́n á sì mú un rìn lọ síbi póò rìn bọ̀ léraléra. Èyí táwọn èèyàn ń pín kiri lórí Facebook báyìí pé ọjọ́ 3 ni, ó jọ èyí gan-an. Nǹkan mímu yẹn dáa, bèbí yẹn náà dáa, èmi náà lò wọ́n. Àmọ́ apá ìbáwí yẹn, mi ò fẹ́ ẹ rárá, pàápàá láàárín àwa tí ọwọ́ wa ti máa ń yá sí ẹgba tẹ́lẹ̀.

Àwọn èèyàn á ní ta ló wá tọ̀nà nínú wọn. Ẹ wò ó, ìyá Digo yẹn àti ìyá ọkọ mi, ọmọ wà lẹ́yìn wọn tàbí lórí itan wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí bọ́mọ ṣe máa mira tí wọn ò ní mọ̀. Ìyá tó ń gbé ní Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tó ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó jẹ́ pé kírẹ́ẹ̀ṣì lọmọ wà tí àǹtí kan ń wo ọmọ méje mẹ́jọ, kò lè ṣe tìyá Digo, kó má dá ara ẹ̀ lẹ́bi, kó dúró kọ́mọ lè rìn kó lè sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tí màmá bá wà nílé, tí wọ́n ṣì lágbára, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn láti kékeré, kò ní pa ọmọ lára, ẹ má ṣáà retí pé ọmọ ọdún kan á máa sáré wá sọ fún yín. Èyí tó léwu ni kéèyàn má sí nílé, kó má lójú lára ọmọ, kó wá fẹ́ kọ́mọ mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé pámpásì wọ́n. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Philadelphia tó jáde ní 2003 fi hàn pé àwọn tó tẹra mọ́ kíkọ́ ọmọ láti lo póò gidigidi kó tó pé oṣù 27 kò jèrè nǹkan kan níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n kàn fi àkókò tó gùn sí i ṣe é.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pọ́mọ ti tó? Ẹ wò ó bóyá pámpásì ẹ̀ ń gbẹ fún bíi wákàtí méjì, bóyá ó ń jí lójú oorun ọ̀sán lára gbígbẹ, bóyá ó ń fa pámpásì tó ti tutù tó ń ní ẹ bọ́ ọ, bóyá tẹ́ ẹ bá ní "lọ gbé bàtà yẹn wá" ó máa gbé e wá, bóyá ó lè fa pátá ẹ̀ sókè sódò fúnra ẹ̀. Láàárín oṣù 18 sí ọdún méjì ààbọ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ máa ń débẹ̀, ọmọbìnrin sì sábà máa ń yára díẹ̀ ju ọkùnrin lọ, ẹ má fi ọmọ ẹnìkan wé ti ẹlòmíì.

Póò oníke tó wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ọmọ máa ń balẹ̀. Tó bá jẹ́ WC àgbàlagbà lẹ fẹ́ lò, ẹ gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kí orúnkún ẹ̀ ga ju ìdí lọ díẹ̀, ọmọ tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá ń fì lófìífo ò lè yàgbẹ́ dáadáa, ọkàn ẹ̀ wà níbi kó má já sínú ihò. Ariwo WC náà máa ń dẹ́rù bà wọ́n, lọ́dọ̀ tiwa tá a sábà máa ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi, ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ bá yín da omi ìkẹyìn, á fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ gbé e jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, torí tóúnjẹ bá ti wọ ikùn ni ìfun máa ń ti èyí tó wà níwájú, ara wọn fúnra ẹ̀ á bá yín ṣe é. Ìṣẹ́jú 5 ti tó, tí kò bá ṣe é kó dìde, ẹ má fi fóònù dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà, kó kọ́kọ́ máa jókòó tọ̀, ìdúró á wá tó bá yá. Ọmọbìnrin, ẹ nù ún láti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹ má fà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń kó kòkòrò ran ojú ara. Nílé ẹ jẹ́ kó wọ ẹ̀wù nìkan tàbí pátá onírọ́bà tó rọrùn, bẹ́líìtì àti dúńgárì ò wúlò lásìkò yìí rárá. Tó bá sì ti ṣe é, ní tèmi, oríkì ni mo máa ń fi yìn wọ́n, "Àjàní o, ọkọ mi, o káre," ẹ wá wo bó ṣe máa gbé àyà síwájú, ó dùn mọ́ ọn ju súìtì lọ, kò sì ba eyín jẹ́.

Ohun kan tí mo tún gbọ́dọ̀ sọ, àwọn kan gbà pé ìgbẹ́ ọmọdé ò ní nǹkan nínú, wọ́n á dà á sẹ́yìn ilé tàbí sínú gọ́tà. Kòkòrò tó wà nínú ti àgbàlagbà wà nínú tọmọdé náà. Inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì tàbí ṣáláńgá ni kẹ́ ẹ dà á sí, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tiyín àti tọmọ.

Ó dáa, ìtọ̀ rọrùn, ìgbẹ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń tọ̀ sínú póò dáadáa àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ ìgbẹ́ wọ́n á ní pámpásì làwọn fẹ́, tàbí kí wọ́n lọ dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Ọmọ àbúrò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ibà, kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, ìgbẹ́ tó wá yà lẹ́yìn ẹ̀ le bí òkúta, ó dùn ún gan-an, látọjọ́ yẹn ó kọ̀. Tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, á di etí àga mú, á dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, á kó itan méjèèjì pọ̀ gbagidi, ojú ẹ̀ á pọ́n, òógùn á bò ó níwájú orí. Gbogbo ilé á máa kígbe "fún un, fún un," wọ́n rò pé ó ń fún un kó lè jáde. Bẹ́ẹ̀ ńṣe lọmọ ń dì í mú. Ọmọ tó bá fẹ́ yàgbẹ́ máa ń lóṣòó ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í le gan-an báyẹn. Bó ṣe ń dì í mú ni ìgbẹ́ ń le sí i nínú, tó bá wá jáde á tún dùn ún, ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i.

Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, omi ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó le yẹn kọjá, á máa rẹ pátá láìmọ̀, ìyá á sọ pé ìgbẹ́ gbuuru ni, á lọ ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, èyí tó tún bàjẹ́ jù. Tàbí kó sọ pé ọ̀bùn lọmọ náà, ẹgba á wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ó jáde, ibi tí ara fi ń mọ̀ ti fẹ̀ jù. Àwọn kan á gé ọṣẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kì bọ̀ ọ́ nídìí, ẹ má ṣe é, ó ń jó o, ó sì ń fi kún ẹ̀rù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí àbúrò mi ṣe ni pé ó dá pámpásì padà fún ìgbẹ́ nìkan, kò bínú, kò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, ó mú ọmọ lọ rí dókítà, wọ́n fún un ní lactulose tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, wọ́n ní kí wàrà tó ń mu dínkù, kí omi pọ̀ sí i, ìbẹ́pẹ, ọsàn, ẹ̀wà, ewédú, ilá. Nígbà tí ìgbẹ́ ti ń jáde láìdùn ún fún ìgbà díẹ̀, ó ní kó máa wọ pámpásì ẹ̀ àmọ́ kó wá máa jókòó lórí póò yà á, lẹ́yìn ìyẹn ó tú pámpásì náà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pámpásì ṣe lọ. Ó gba oṣù o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Ẹ bá àwọn àǹtí kírẹ́ẹ̀ṣì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń ní kọ́mọ ti kúrò nínú pámpásì káwọn tó gbà á, wọ́n á wá tò wọ́n sórí póò ní ìlà kan. Ìyẹn ò burú, ọmọdé máa ń wo ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́ nǹkan, àmọ́ ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe fọ́mọ tó bá tọ̀ sára. Kírẹ́ẹ̀ṣì kan tí mo mọ̀, ńṣe ni wọ́n ń ní káwọn ọmọ yòókù pàtẹ́wọ́ "o tọ̀ sára" fún èyí tó bá ṣe é. Ọmọ aládùúgbò mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìtọ̀ mọ́ra látàárọ̀ títí wọ́n á fi mú un délé, á dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ á dà sílẹ̀. Ìyá ẹ̀ mú un kúrò níbẹ̀, mo sì tì í lẹ́yìn. Ẹ sọ orúkọ tọ́mọ yín ń pe ìtọ̀ àti ìgbẹ́ fún wọn, torí ọmọ tó bá ń sọ pé "wíwì" tí àǹtí ò gbọ́, kò ní tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Tòru wá yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ lè ti mọ́ lọ́sàn-án fún ọdún kan kó ṣì máa tọ̀ sílé lóru, kò mọ̀ọ́mọ̀, oorun ẹ̀ ló wúwo, àpò ìtọ̀ ẹ̀ ò tíì gbà púpọ̀, èròjà inú ara tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ dínkù lóru ò sì tíì tó. Nínú ọmọ ọdún 5 ọgọ́rùn-ún, bíi 15 ló ṣì ń tọ̀ sílé. Ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé, tí bàbá àti ìyá bá jọ tọ̀ sílé ní kékeré, nínú ọmọ mẹ́rin wọn bíi mẹ́ta ló lè ṣe é, nítorí náà ẹ bi àwọn òbí yín léèrè kẹ́ ẹ tó nà án. Àwọn orin atọ̀ọ́lé tí wọ́n fi ń lé ọmọ kiri àdúgbò, ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń so mọ́ ọn nídìí, ẹní tí wọ́n ń gbé lé e lórí, kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó ń wò ó sàn, mo sì mọ àwọn àgbàlagbà tí ó ṣì ń dùn dòní. Ẹ tẹ́ láílọ́ọ̀nù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ẹ jẹ́ kó tọ̀ kó tó sùn, ẹ dín nǹkan mímu kù ní bíi wákàtí kan sí méjì ṣáájú oorun, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàbí iná kékeré sílẹ̀ torí tí NEPA bá mú iná lọ, kò sọ́mọ tó máa dá lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn.

Tọ́mọ bá ń ké nígbà tó bá ń tọ̀, tàbí tí ibà bá wà níbẹ̀, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ìtọ̀. Tó bá ti gbẹ fún oṣù púpọ̀ tó wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, tó ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa, tó ń rù, ẹ má dúró dọ̀la, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò lára ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ ọmọ SS ni, kíndìnrín wọn kì í lè dín omi inú ìtọ̀ kù dáadáa, ìtọ̀ wọn máa ń pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń tọ̀ sílé tí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀ pàápàá, ti wọn yàtọ̀ sí èyí tí mo sọ lókè yẹn pé kẹ́ ẹ dín nǹkan mímu kù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi omi du ọmọ SS nítorí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kó mu omi ẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ pààrọ̀ aṣọ lóru, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tún lọ sí clinic.